Kí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà máa bèèrè ìwé ìgbélùú lójú pópó, àbí kí ìjọba ṣí ọ̀nà ìwé fún àwọn tí kò ní in?

Àwa tí ọmọ wa wà ní Amẹ́ríkà kì í yé jiyàn èyí ní Adó-Ekìtì. Ìpínlẹ̀ Arizona fi òfin yan ti àkọ́kọ́ ní 2010. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà fagi lé apá mẹ́ta nínú òfin náà ní 2012, àmọ́ ó fi ti bíbéèrè ìwé sílẹ̀. Ìwé kì í sì í hàn lójú èèyàn: ọmọ bíbí Amẹ́ríkà tó bá jọ ará Mẹ́síkò náà lè kó sí i.

Ti ìkejì ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti 1986 fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 èèyàn ní ìwé. Ó tún jẹ́ kí ẹni tó ti wọlé ṣáájú 1972 lè tọrọ ìwé ìgbélùú. Wọn ò tíì sún ọdún yẹn síwájú látìgbà náà. Ta ló kù tó máa jẹ àǹfààní rẹ̀, àfi bàbá àgbà? Èmi á ní kí wọ́n sún un.