Ìkìlọ̀: Ẹ sá fún àwọn tó ń ta Ahrefs àti Semrush ní gbàǹjo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wẹ́bsáìtì, tẹ́ ẹ sì ń wá ohun tẹ́ ẹ máa fi yẹ backlink (líǹkì tó ti sáìtì ẹlòmíì wá sí tiyín) wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra. Àwọn kan wà lórí WhatsApp àti Telegram tí wọ́n ń polówó Ahrefs àti Semrush, irinṣẹ́ olówó tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà lóṣù. Ahrefs Lite nìkan lé ní 100 dọ́là lóṣù. Báwo ni owó tiwọn ṣe wá kéré tó bẹ́ẹ̀?

Group buy ni wọ́n ń pè é. Àkáǹtì ẹyọ kan ni wọ́n ń tà fún èèyàn rẹpẹtẹ. Wọn ò ní fún yín ní password o. Extension kan, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń fi kún bíráwúsà, ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi sórí Chrome, òun ló máa gbé cookie àkáǹtì náà (àmì tí sáìtì fi ń mọ ẹni tó ti wọlé) wọ bíráwúsà yín. Tí Chrome bá kìlọ̀, wọ́n á ní ẹ má dá a lóhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Extension tó bá ti gba àṣẹ láti ka gbogbo ojú ìwé tẹ́ ẹ bá ṣí lè ka Gmail yín, ó lè wo báńkì yín, ó sì lè kó cookie tiyín náà lọ.

Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ò fàyè gba irú pínpín bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń ti àkáǹtì náà pa. Oníbàárà mi kan san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. "Ẹ ní sùúrù, ma, a ti ń tún un ṣe" ni ẹni tó tà á ń sọ, títí tó fi bulọ́ọ̀kì wọn.

Àwọn mìíràn á fi PDF pupa yòò ránṣẹ́ pé "toxic backlink" (backlink tí wọ́n ní ó léwu) ti bo sáìtì yín, kẹ́ ẹ sanwó ìfọ̀mọ́. Irinṣẹ́ tí wọ́n lò ló fún un ní máàkì yẹn, kì í ṣe Google. DA (Domain Authority, máàkì tí wọ́n ń fún sáìtì) tí wọ́n ń fi yangàn náà, ilé-iṣẹ́ Moz ló ni ín.

Ẹ lè rí backlink yín láìsanwó. Ọ̀fẹ́ ni Google Search Console: ẹ wo abẹ́ Links. Ọ̀fẹ́ ni Bing Webmaster Tools. Ahrefs fúnra rẹ̀ ní Webmaster Tools ọ̀fẹ́ fún sáìtì tẹ́ ẹ bá fi hàn pé tiyín ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọjú wo sáìtì ẹlòmíì, Backlink Checker ọ̀fẹ́ wọn á fi backlink 100 àkọ́kọ́ hàn yín.

Ẹni tó bá ti fi extension náà sí i, ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ jáde nínú Gmail lórí gbogbo ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ password, ti báńkì ṣáájú.