Jẹ́sì Efes Pilsen Tí Mo Rà ní Tanke

Kò sí pátákó lójú ṣọ́ọ̀bù náà. Okùn tí wọ́n sá jẹ́sì sí, láti ara òpó iná kan dé ara igi dóńgóyárò kan ní Òkè-Odò, Tanke, ni àwa ará Ìlọrin fi ń dá a mọ̀. Òkìrìkà ni ọjà ibẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí náà jẹ́sì Chelsea, Arsenal àti Barcelona ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bẹ́ẹ̀lì kan sílẹ̀ ni, láti inú òkìtì náà ni mo sì ti fa aṣọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan yọ, aláìlápá, funfun tí a fi búlúù gbá létí, tí wọ́n kọ EFES PILSEN gàdàgbà sí láyà. ₦7,000 ni ọlọ́jà kọ́kọ́ pè é. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, NBA nìyẹn o, ẹ má fojú kéré rẹ̀.” A nájà títí, ó sì tà á fún mi ní ₦4,500. Kì í ṣe aṣọ NBA, líìgì alájùsáwọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ méjì tó wà láyà rẹ̀ ni iyì rẹ̀, àwọn náà sì ni àbùkù rẹ̀, bí màá ṣe ṣàlàyé.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti aṣọ fúnra rẹ̀. Ó nípọn ju àwọn jẹ́sì òde òní lọ. Ihò wínníwínní ló wà lára rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, síbẹ̀ bí ènìyàn bá fà á, ó máa ń padà sípò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán lẹ́tà àti nọ́ńbà mọ́ ọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀. Bí ènìyàn bá fi èékánná tọ etí lẹ́tà E, yóò kan òwú tó tò tẹ̀léra bí ilà ojú. Èdè Tọ́kì ló wà lára ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀, fífọ̀ sì ti pa ìdajì rẹ̀ rẹ́. Mo ti fọ̀ ọ́ tó ìgbà mẹ́fà. Òórùn kàfúrà tó bá a wá ti lọ nígbà kejì, búlúù rẹ̀ kò sì ṣàn sára funfun rí. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ìsàlẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú. Ọlọ́jà kò bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì rán an lójú mi láì gba kọ́bọ̀.

Istanbul, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ni ẹgbẹ́ tó ni aṣọ yìí wà. Ní ọdún 1976, ọdún kan náà tí IICC, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Ìbàdàn, gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ni ilé iṣẹ́ ọtí bíà Efes gba ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Kadıköyspor, tó sì sọ ọ́ di Efes Pilsen. Ọdún 1978 ló gòkè wọ líìgì àgbà, sáà tó sì kọ́kọ́ gbá níbẹ̀, 1978 sí 1979, ló gba ife rẹ̀. Àwa tí a dàgbà sí ìdí rédíò mọ bí ẹgbẹ́ tí ilé iṣẹ́ olówó dá sílẹ̀ ṣe máa ń rí: Leventis United, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ wa, dé bí ìjì, kò sì pẹ́ tó fi wọlẹ̀. Ti Efes kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1993 ó dé àṣekágbá ife Yúróòpù kan ní Turin, Aris ti ilẹ̀ Gíríìsì sì fi 50 sí 48 gba ife náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1996, nígbà tí Aydın Örs jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, ó pàdé Stefanel Milano ti Ítálì nínú àṣekágbá Ife Korać, èyí tí wọ́n máa ń gbá nílé àti lẹ́yìn odi. Ó borí ní Istanbul pẹ̀lú 76 sí 68. Nígbà tó dé Milan, wọ́n nà án ní 77 sí 70. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àmì 8 ló fi borí nílé, àmì 7 ni wọ́n fi borí rẹ̀ lẹ́yìn odi. Àmì 1 péré tó ṣẹ́ kù yẹn ló gbé ife Yúróòpù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ alájùsáwọ̀n Tọ́kì kankan gbà wọlé. Petar Naumoski, ọmọ Macedonia, ni ìràwọ̀ wọn nígbà náà. Hidayet Türkoğlu àti Mehmet Okur náà gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ orúkọ Efes Pilsen kí wọ́n tó kọjá sí NBA, nítorí náà irọ́ tí ọlọ́jà pa fún mi kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Ìṣòro aṣọ náà ni pé Ìlọrin ni mo ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo wọ̀ ọ́ jáde, Àfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú sì pè mí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ sí ọ láyà yìí?” Mo kí wọn, mo ní orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ní Tọ́kì ni, inú wọn sì dùn láti gbọ́ Tọ́kì. Ọmọ kéwú kan tó ní fóònù lọ́wọ́ ló tú àṣírí mi: “Àfáà, bíà ni o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá ní, “Ó dáa. Kí o ṣáà má wọ̀ ọ́ wá kírun.” Láti ọjọ́ náà, inú ilé àti orí pápá nìkan ni mo ti ń wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì ń wá aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbi gbogbo ní ìlú yìí, kí ó rò ó dáadáa kí ó tó sanwó.

Àwọn ará Tọ́kì fúnra wọn dá irú ẹjọ́ tí Àfáà dá. Òfin tuntun lórí ìpolówó ọtí jáde níbẹ̀ ní 2011, ẹgbẹ́ náà kò sì lè jẹ́ orúkọ bíà mọ́. Ó di Anadolu Efes. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ tuntun yìí, nítorí Anadolu Efes ni ilé iṣẹ́ tó ń pọn bíà náà ń jẹ́: wọ́n yọ ọtí kúrò láyà aṣọ, wọn kò yọ olówó rẹ̀. Efes tó ṣẹ́ kù náà ni orúkọ tí wọ́n ń pe ìlú àtijọ́ tí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ sí Éfésù, n kò sì rò pé àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí níbẹ̀ lérò pé orúkọ ìlú wọn yóò dé ara ìgò.

Orúkọ yìí ló jẹ́ kí n mú ayédèrú ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Nígbà tí mo padà lọ, jẹ́sì búlúù kan wà lórí okùn, EFES PILSEN láyà, LARKIN àti nọ́ńbà 0 lẹ́yìn, ₦12,000. Ọdún 2018 ni Shane Larkin, agbábọ́ọ̀lù tó ni orúkọ yẹn, dé Efes, ìyẹn lẹ́yìn tí orúkọ bíà ti kúrò láyà aṣọ wọn fún ọdún méje. Mo fi han ọlọ́jà, mo sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un níbi tó jókòó sí lórí bẹ́ẹ̀lì: pé ní sáà 2017 sí 2018, ẹ̀yìn gbogbo ẹgbẹ́ EuroLeague, líìgì alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Yúróòpù, ni Efes wà, pé ní sáà tó tẹ̀lé e, Ergin Ataman, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, àti Larkin gbé e dé àṣekágbá, CSKA Moscow sì fi 91 sí 83 nà wọ́n, pé Larkin nìkan ju àmì 49 sáwọ̀n Bayern ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àti pé Efes ló wà lókè tábìlì pẹ̀lú ìborí 24 nínú 28 nígbà tí kòrónà dé tí wọ́n fagi lé sáà náà. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ọkàn rẹ̀ lè pòrúurùu. Efes gba ife EuroLeague náà ní 2021 lọ́wọ́ Barcelona ní Cologne, 86 sí 81, wọ́n sì tún gbà á ní 2022 ní Belgrade, níbi tí wọ́n ti fi 58 sí 57 borí Real Madrid. Àmì 1 tún ni. Vasilije Micić ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Final Four méjèèjì, ìyẹn ìpele tó kẹ́yìn tí ẹgbẹ́ mẹ́rin ti ń du ife. Mo fi kún un pé Efes kọ́ ló kọ́kọ́ gba EuroLeague fún Tọ́kì, pé Fenerbahçe ló gbà á ní 2017, àti pé Ekpe Udoh, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni agbábọ́ọ̀lù tó ta wọ́n yọ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́jà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe kó o wá ni mo ṣe gbé e kọ́.”

Ti ìtọ́jú oníbàárà kò burú. Wọ́n máa ń kíni, wọn kì í kanra bí ènìyàn bá tú òkìtì wò láì rà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti lè wọ aṣọ wò àfi kí a wọ̀ ọ́ lé èyí tó wà lọ́rùn. Ohun tó dùn mí jù ni pé n kò rí jẹ́sì Kwara Falcons kankan níbẹ̀, ẹgbẹ́ Ìlọrin tó ṣojú Nàìjíríà nínú BAL, líìgì alájùsáwọ̀n ilẹ̀ Áfíríkà, ní Dakar ní 2023. Aṣọ Istanbul wà lórí okùn ní Tanke, ti ilé kò sí.

Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, tí kò kọjá ₦5,000, ẹ rà á. Mo tún yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. LARKIN ṣì wà lórí okùn, ó ti di ₦6,000. Ọlọ́jà na jẹ́sì mìíràn sí mi kí n tó kí i tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo àyà eléyìí. Ṣé ṣáájú 2011 ni?”