Búkà Kan ní Sampaloc Tí Ẹ̀fọ́ Wà Níwájú

Ní àdúgbò Sampaloc ní Manila, olú ìlú Philippines, níbi tí yunifásítì pọ̀ sí débi tí wọ́n fi ń pè é ní University Belt, búkà kan wà tí mo jẹun níbẹ̀ fún odindi sáà ẹ̀kọ́ kan. Karinderya ni wọ́n ń pe irú rẹ̀: wọn a to ìkòkò sórí tábìlì, oníbàárà a sì fi ìka tọ́ka sí èyí tó wù ú. Nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti dáná nínú yàrá, ohun tí olóúnjẹ bá gbé síwájú ni ọmọ ilé ìwé ń jẹ, ohun yòówù tí olùkọ́ ì báà ti sọ fún un nípa ìlera.

Ibẹ̀ ni búkà yìí ti gba oríyìn lọ́dọ̀ mi. Obìnrin tó ni ín, tí gbogbo wa ń pè ní Ate bí ẹni pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, máa ń gbé ẹ̀fọ́ síwájú, wọn a sì ti ẹran díndín sẹ́yìn. Elégédé, ilá, ìkàn àti ampalaya, tí í ṣe èso ejìnrìn gan-an, ló wà nínú pinakbet, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wọn. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi ṣíbí ṣa ampalaya sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ní oṣù àkọ́kọ́. Kí sáà tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí i. Pésò 40 ni abọ́ ẹ̀fọ́, ti ẹran jẹ́ 75. Pinggang Pinoy, àwòrán àwo tí ìjọba fi ń kọ́ ará ìlú pé kí ẹ̀fọ́ àti èso gba ìdajì oúnjẹ, wà lára ògiri wọn, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ń wò ó. Iye owó ni wọ́n ń wò.

Àléébù wọn ni pé bagoong, edé oníyọ̀ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ náà, máa ń pọ̀ jù, ẹ̀fọ́ sì máa ń tán ní aago kan ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti ibi eré ìdárayá dé tí mo bá longganisa, sọ́séèjì ọlọ́ràá, nìkan. Omi ọ̀fẹ́ wà ní kọ̀rọ̀, nígbà tí fíríìjì ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Owó orí tí ìjọba gbé lé ohun mímu oníṣúgà láti 2018 kò lè lé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n ń se monggo, irú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan, pẹ̀lú ewé mòríńgà, kó sì débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù.