Iṣẹ́ abẹ fún ìyá ológbò: ọwọ́ dókítà dára, ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ni kò dára

“Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ológbò tó bá ń fọ́mọ lọ́mú kì í lóyún. Ẹ gbé e wá tó bá di oṣù mẹ́fà.” Ohun tí akọ̀wé iwájú ilé ìwòsàn ẹranko yìí sọ nìyẹn nígbà tí mo ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ológbò wa tó ń fọ́mọ lọ́mú bímọ mọ́, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù.

Irọ́ ni. Ológbò lè tún máa wá akọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tó bímọ, kí àwọn ọmọ tó kúrò lẹ́nu ọmú. Gígùn tí akọ bá gùn ún gan-an ló ń mú ẹyin já sílẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ó ṣòro kí akọ gùn ún lásán. Oyún rẹ̀ ò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ. Kí oṣù mẹ́fà akọ̀wé tó pé, ó ti lè bí òmíràn, kó sì tún ti lóyún.

Mo ṣàlàyé. Ó ní ó dáa, kí wọ́n kúkú gún un lábẹ́rẹ́ ìdènà oyún, ló bá ń kọ ọ́ sínú káàdì. Kò béèrè ìgbà tó bímọ, kò béèrè bóyá akọ wà nílé, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ wò. Abẹ́rẹ́ yẹn lè mú kí ilé ọmọ kún fún ọyún, ó lè fa jẹjẹrẹ ọmú tàbí àtọ̀gbẹ. Bí oyún bá sì ti wà níkùn tẹ́lẹ̀, ó lè dí ìrọbí lọ́wọ́. Àbí láti ìgbà wo ni akọ̀wé ti ń kọ oògùn?

Ariwo yẹn ló mú dókítà jáde, nǹkan sì yí padà. Wọ́n tẹ ikùn ológbò náà, wọ́n fọwọ́ ba ọmú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná, tó le, tí ìyá ò fẹ́ kí ọmọ fẹnu kàn, àìsàn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Oúnjẹ ọmọ ológbò ni wọ́n ní kí ìyá máa jẹ, kó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú omi púpọ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ 4 ni àwọn ọmọ á máa lá oúnjẹ rírọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n á ti kúrò lẹ́nu ọmú. Ìgbà yẹn ni kí ẹ dín oúnjẹ ìyá kù. Ẹ má fún ọmú rẹ̀, fífún ló ń pe wàrà sí i. Bí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà, iṣẹ́ abẹ yá. Kó tó dìgbà yẹn, ilẹ̀kùn títì ni, fèrèsé títì ni. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lónìí ṣì lè fún un lóyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti bí oṣù 4 sì ni kí ẹ ti ya àwọn akọ inú ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ológbò ò mọ ìyá, kò mọ àbúrò.

Ìhà ni dókítà gbà wọlé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe àárín ikùn. Mo gbóríyìn fún wọn níbí. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ọmú tí kò tíì sún kì tán, bí abẹ bá sì kàn án, wàrà á máa jò sójú egbò. Ilé ọmọ àti ilé ẹyin ni wọ́n yọ pọ̀, torí bí ilé ẹyin bá ṣẹ́ kù díẹ̀, á tún máa wá akọ. Egbò náà kéré, ó mọ́, ó ṣeé wò láti òkèèrè.

Ó wá ku nọ́ọ̀sì tó gbé e lé wa lọ́wọ́. “Bó bá ń jẹ̀rora, ẹ fọ́ paracetamol díẹ̀ fún un.” Paracetamol! Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè ṣẹ́gun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń bà jẹ́, ègé hóró kan lè pa á. Oògùn ìrora tí dókítà dìídì wọ̀n fún ológbò wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì kan náà, ó gbàgbé ẹ̀ ni. Kọ́là ọrùn tí kò ní jẹ́ kó lá egbò, tí ó yẹ kó wà lọ́rùn rẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14, èmi ni mo béèrè fún un.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Ojú egbò yẹn ló gbà á.