Ìlà Nọ́ńbà Onírọ́bà fún Ìdá àti Dẹ́símà: Ó Wúlò, Ṣùgbọ́n Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́ni ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ni mo ti ra ìlà nọ́ńbà yìí ní 4,500 náírà fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń wá gba ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ mi. Rọ́bà tó nípọn díẹ̀ ni, ó ṣeé ká bí ẹní, omi kò sì lè bà á jẹ́. Láti òdo títí dé 1 lórí rẹ̀ jẹ́ mítà kan géérégé, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ẹni tó ṣe é wà.

Nítorí pé mítà kan ni gígùn rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan dúró fún 0.01. Bí ọmọ bá fẹ́ mọ èyí tó pọ̀ jù láàárín 2/5 àti 3/8, yóò pín mítà náà sí ọ̀nà márùn-ún, yóò ka méjì nínú rẹ̀, yóò sì bá ara rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, èyí tí í ṣe 0.4, 3/8 yóò sì bọ́ sí 37.5, èyí tí í ṣe 0.375. Èyí tó bá wà lápá ọ̀tún ló pọ̀ jù, kò sì sí àríyàn-jiyàn. Àwọn ọmọ tó ti máa ń sọ pé 0.45 ju 0.5 lọ, nítorí pé 45 ju 5 lọ, rí i fúnra wọn pé 0.45 ṣì ku sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kó tó dé ibi tí 0.5 wà. Bákan náà ni fún 1/8 àti 1/5: ọmọ tó rò pé 8 ló ń sọ ìdá di ńlá yóò rí 1/8 ní 12.5, nígbà tí 1/5 wà ní 20.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni ìlà ìdá mẹ́jọ. Mo fi téèpù aránṣọ wọ̀n ọ́n, mo sì rí i pé 63 ni wọ́n fa àmì 5/8 sí dípò 62.5. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ọmọ tí a bá ní kó fi 5/8 wé 0.63 yóò sọ pé ọgbọọgba ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ 0.63 ló pọ̀ jù. Mo yẹ méjì mìíràn wò nínú ìsọ̀ náà, bákan náà ni wọ́n rí. Lábẹ́ 1/3 pẹ̀lú, wọ́n kọ 0.33 síbẹ̀ bí ẹni pé ó parí síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 3 náà kò lópin, 1/3 sì fi díẹ̀ ju 0.33 lọ láì tó 0.34. Báírò ni mo fi tún méjèèjì ṣe.

Ní ti àwọ̀ rẹ̀, kò sí wàhálà.

Orí 1 ni ìlà náà parí sí, ọmọ kò sì ní rí 5/4 lórí rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn tó ti kọjá ìpele yẹn ní láti ra méjì, kó tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lórí ilẹ̀. 5/4 yóò bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 25 lórí èkejì, ìyẹn 1.25.