Iléeṣẹ́ tí ó ń bá agbaṣẹ́ṣe kéékèèké tọ́jú ìwé lien ní Kalifóníà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba iṣẹ́ táìlì lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe ńlá ní Kalifóníà mọ̀ pé iṣẹ́ lè parí kí owó má dé. Iléeṣẹ́ yìí ń bá wa tọ́jú lien, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún òṣìṣẹ́ láti fi ilé tí ó ṣiṣẹ́ sí dógò títí wọn yóò fi san owó rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ọjọ́ kọjá: láàárín ọjọ́ 20 tí a bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé ìfitónilétí ti dé ọwọ́ onílé, bí a bá sì ti fi lien sílẹ̀ ní ọ́fíìsì káúńtì, wọn a rán wa létí pé láàárín ọjọ́ 90 ni a gbọ́dọ̀ pẹjọ́, kí ó má baà di òfo.

Ìwé ìjọ̀wọ́ ẹ̀tọ́, ìyẹn ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ń yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ lien rẹ̀ nítorí owó tí wọ́n san tàbí tí wọ́n fẹ́ san fún un, gan-an ni mo fi ń yìn wọ́n jù. Oríṣi mẹ́rin ni òfin ìpínlẹ̀ náà là kalẹ̀, ewu sì wà nínú wọn. Agbaṣẹ́ṣe kan ní kí n fọwọ́ sí èyí tí ó sọ pé mo ti gba owó, bẹ́ẹ̀ sọ̀wédowó náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá a padà kíá, wọ́n sì fi èyí tí kò ní lágbára àfi tí owó bá wọ báńkì rọ́pò rẹ̀. Ká ní mo ti fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ ni, ẹ̀tọ́ mi ti lọ nìyẹn, owó ì báà má dé láéláé.

Owó iṣẹ́ wọn ga fún iṣẹ́ ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo, wọn kì í sì í tètè gbé fóònù ní ọjọ́ Ẹtì. Fún iṣẹ́ ńlá, mi ò ní gba ilé wọn kọjá.