Oṣù mẹ́ta tí mo fi wọ bọ́ọ̀sì orí fóònù láti Òkè-Odò

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni àárọ̀ wa ní Tanke, n'Ílọrin, ti di ìjàkadì. Takisí á dúró, èèyàn méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, báàgì mi á wà lórí itan ẹlòmíì títí dé Post Office. Nígbà tí ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa fi áàpù bọ́ọ̀sì yìí hàn mí, inú mi dùn gan-an. Irú èyí tí ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Shuttlers ń ṣe l'Ékòó ni: ojú ọ̀nà kò yí padà, àkókò kò yí padà, o sì ti sanwó ìjókòó rẹ sílẹ̀. Kì í wá gbé ọ lẹ́nu géètì bíi ti Bolt o. Ìwọ lo máa lọ dúró dè é.

Mo fẹ́ràn rẹ̀. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti takisí lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló ń jókòó sórí àga kan, awakọ̀ kì í pè èrò kiri, kò sì sí wàhálà ṣéńjì. Ẹni tó bá ti bá kọ́ńdọ́ fa ṣéńjì ní Challenge láàárọ̀ Mọ́ńdè á mọ ìdí tí mo fi dárúkọ ìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ ni àmì ibùdókọ̀ orí máàpù áàpù wọn. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo fara pamọ́ sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan, ojú mi kò kúrò lára bọ́ọ̀sì kékeré tó ń rìn lórí máàpù. Ó dé lóòótọ́, òdìkejì títì ló gbà. Mo sáré, mo ń kígbe, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!" Kò gbọ́. Kí n tó nu omi ojú fóònù, wọ́n ti kọ ọ́ pé n kò wá, owó mi sì lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń kọ̀wé sí wọn kí wọ́n tó dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì ni mo bi awakọ̀ léèrè. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ibi oníwàrà lèmi máa ń dúró sí, gbogbo èrò ló mọ̀ ọ́n."

Gbogbo èrò àfi áàpù! Ní Ìlọrin, iwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ oníwàrà, lábẹ́ igi báyìí la fi ń júwe ibi. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni áàpù yìí.

Mi ò kí ń lò ó nírọ̀lẹ́, torí 5:30 ni ìkẹyìn wọn ń gbéra. Ṣùgbọ́n mo ti sanwó ti àárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.